Ogójì Ìfun fún Àpò Keje

Ọmọ ọdún méje ni Ottilie nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ètè mọ ìfun tó lu. Severin ni orúkọ bàbá náà. Alápatà ni ní ìlú Friedrichshafen, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ létí adágún. Bí ó bá fọ ìfun màlúù tán, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á fún ẹnu rẹ̀ pọ̀, á wá rọra fà á kọjá lábẹ́ imú ọmọ náà.

"Má fi ojú wò ó," ni yóò máa wí. "Irọ́ ni ojú máa ń pa. Ètè ni kí o fi gbọ́ ọ."

Bí ó bá lu, bó ti wù kí ihò náà kéré tó, èémí tútù kan á kan ọmọ náà létè, ọmọ náà á sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é mọ́. Láti ìgbà tó ti dá irunmú ńlá rẹ̀ sí, èyí tó ń fi òróró pa láràárọ̀ bí ẹni ń tọ́jú ẹṣin ìdíje, ètè rẹ̀ ti di adití. Nítorí náà, ọmọ ló ń bá a gbọ́ ọ, gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé sọ́séèjì Severin kì í bẹ́ nínú omi gbígbóná.

Ohun méjì ni ọkùnrin yìí ní tó fi ń yangàn láyé: sọ́séèjì rẹ̀ àti irunmú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Genoveva, máa ń sọ pé ipò kẹta ni òun wà, bí ọjọ́ náà bá sì dára ni.

Ọdún 1900 ni ọkọ̀ òfuurufú gígùn àkọ́kọ́ jáde láti inú ilé onígi tí wọ́n kọ́ sórí adágún náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Ottilie. Èrò rọ́ lọ sí etí omi, ọ̀pọ̀ wọn lọ rẹ́rìn-ín ni, torí wọn ò gbà pé ohun tó gùn ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tó ní egungun irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, lè kúrò nílẹ̀. Ó kúrò nílẹ̀. Severin ta sọ́séèjì títí agbọ̀n rẹ̀ fi ṣófo, ó sì sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí ohun tó dára tó ọkọ̀ tó ń fò, ó ń mú kí ebi pa ènìyàn. Ọ̀rẹ́ ni òun àti ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ọ̀hún kò ní tọ́jọ́.

Inú ikùn ọkọ̀ náà ni wàhálà ti wá. Àwọn àpò ńláńlá ló wà láàárín egungun irin yẹn, gáàsì tó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ ló kún inú wọn, òun ló ń gbé ọkọ̀ sókè. Gáàsì náà kì í fẹ́ dúró síbì kan, á yọ́ kúrò nínú aṣọ èyíkéyìí tí wọ́n bá rọ ọ́ sí. Wọ́n gbìyànjú èyí, wọ́n gbìyànjú tọ̀hún, nígbẹ̀yìn wọ́n rí i pé awọ fẹ́lẹ́ tó wà lára ìfun ńlá màlúù, ìyẹn èyí tí ẹnu rẹ̀ kan dí, ni gáàsì kò lè là kọjá. Màlúù kan, ìfun kan. Àpò kan ṣoṣo sì lè jẹ ìfun ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá fi ojú inú wo àpò mẹ́rìndínlógún nínú ọkọ̀ kan, kí ẹ sì ronú kan alápatà.

Ottilie ti dàgbà dáadáa ìgbà tó di pé ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá adágún ń wá obìnrin tí yóò máa lẹ awọ wọ̀nyí mọ́ra wọn, ó sì lọ. Àwọn bí ogún ló wá lọ́jọ́ náà. Apollonia, olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, fún oníkálukú ní awọ kan pé kí ó wá ihò inú rẹ̀. Gbogbo wọn sáré lọ sídìí fèrèsé, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣẹ́ ojú. Ottilie dúró síbi tó wà, ó fẹ́ afẹ́fẹ́, ó fà á kọjá létè, ó ní, "Ihò mẹ́ta. Ìkẹta kéré gan-an, inú á bí yín tí ẹ bá ń wá a."

Apollonia wá a fún ìdajì wákàtí. Inú bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ náà síṣẹ́, láti ọjọ́ náà lọ "Ètè" ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ọgọ́rin obìnrin nínú gbọ̀ngàn kan, apá ká sókè, ọwọ́ nínú omi, èékánná wọn gé mọ́ ẹran, torí àràárọ̀ ni Apollonia ń yẹ èékánná wò bí tíṣà. Òrùka kò gbọdọ̀ wọlé, pín-ìnnì irun kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ tí kò mú họ ọ̀rá kúrò lára awọ, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ ní tútù, ọ̀kan lé etí èkejì, wọ́n á máa kọrin lọ. Wọ́n ní orin tí wọ́n bá kọ tẹ́ ẹ máa ń jẹ́ kó lẹ̀ dáadáa. Èmi gbà á gbọ́. Ìgbà tí àpò bá parí, wọ́n á fẹ́ ẹ, Ottilie á bọ́ bàtà, á wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, á sì wọ inú rẹ̀ lọ láti gbọ́ bóyá ibì kan ń mí.

Inú àpò ló ti pàdé ọkọ rẹ̀. Ó wà nínú lọ́hùn-ún, ó ń rìn wúyẹ́wúyẹ́, nígbà tí ẹnìkan fi ara ti àpò náà láti òde, tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gún un ní ìhà.

"Ta nìyẹn?" ni Ottilie bi í láti inú.

Ẹni tó wà lóde ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí fún àpò náà. "N kò mọ̀ pé ẹ máa ń sọ̀rọ̀."

Korbinian nìyẹn, mẹkáníìkì láti ẹkùn Bavaria. Ìgbà tí Ottilie yọjú jáde, tí irun rẹ̀ dàrú, ọmọkùnrin náà ṣì ṣí fìlà fún àpò. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọn ò rín in tán títí wọ́n fi darúgbó.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ìjọba gba àwọn ọkọ̀ náà fún iṣẹ́ ológun, wọ́n ń kọ́ ọ̀kan lé ọ̀kan, òfin sì jáde pé alápatà kankan kò gbọdọ̀ fi ìfun màlúù ṣe sọ́séèjì mọ́. Gbogbo ìfun, pátá, ti ọkọ̀ òfuurufú ni. Severin ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí pátákó tó fi ń gé ẹran.

"Mo ti gbọ́ ogun tí wọ́n fi ìbọn jà," ló wí. "Mo ti gbọ́ èyí tí wọ́n fi ẹṣin jà. Èyí tí wọ́n ń fi sọ́séèjì mi jà yìí ni n kò gbọ́ rí."

"Bàbá, ọkọ̀ náà nílò rẹ̀," ni Ottilie dá a lóhùn.

"Èmi ńkọ́? Èmi kò nílò rẹ̀? Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́, òun ló wá lọ ń rán ẹ̀wù fún olè tó ń kó ẹrù mi."

Ìgbà tí Korbinian wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, iná ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kú. Ọ̀tọ̀ ni pé ó jẹ́ ará Bavaria. Wọn a máa bó awọ sọ́séèjì níbẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ nù sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Ojú Severin ni ọmọkùnrin náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, kò sì mọ̀ pé òun ti dá ẹ̀ṣẹ̀.

"Ọ̀gá Severin," ni Korbinian wí, fìlà lọ́wọ́, "mo fẹ́ fẹ́ Ottilie."

"Mo ti gbọ́. Ṣé o mọ àṣà ilé yìí?"

Àṣà ilé náà ni pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n á gbé sọ́séèjì ńlá kan síwájú tọkọtaya. Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láti orí kan, ọkọ á jẹ láti orí kejì, títí imú wọn yóò fi kan ara wọn, àwọn àlejò náà á sì jẹ tiwọn yó. Bàbá Severin ṣe é, bàbá bàbá rẹ̀ ṣe é.

"Kò sí sọ́séèjì, kò sí ìgbéyàwó," ni alápatà náà wí. "Tí wọ́n bá dá ìfun mi padà, kí o padà wá. Má sì pè mí ní bàbá kankan títí di ìgbà náà."

Ottilie sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Ó mọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í yí ohùn padà, àní nígbà tí ohùn náà bá ti dùn ún lọ́fun. Ọdún kan kọjá, ogun kò parí.

Korbinian ti wọ iṣẹ́ ológun. Ìdí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, nínú àgọ́ kékeré kan lábẹ́ àpò keje. Nígbà mìíràn, òkun àríwá ni wọ́n ń lọ ṣọ́. Nígbà mìíràn, bọ́ǹbù ni wọ́n gbé lọ sórí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ó wá lọ́lidé ọjọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan, ó sọ fún Ottilie pé òun rí iná nísàlẹ̀, òun sì mọ̀ pé ilé ni wọ́n. Kò lè jẹun lọ́jọ́ méjì náà. Ó dun Ottilie gan-an, torí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó gbé iná náà lọ. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Àdúrà kan ṣoṣo tó wá ń gbà lẹ́yìn ìyẹn ni pé kí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì dúró nílẹ̀.

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ nígbà náà, nínú oṣù Kejì ọdún 1916, tí Severin nu ẹnu nídìí oúnjẹ, tó sì wí láìwo ojú ẹnikẹ́ni pé, "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde, tí ọmọ Bavaria yẹn bá lè gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín." Genoveva ju ṣíbí sílẹ̀. Ottilie béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ pòtétò wọn.

Gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí di ọ̀sẹ̀ mímọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ Korbinian padà wá sí ìlú, imú rẹ̀ sókè, ìdí rẹ̀ ń fà sílẹ̀. Ìbọn ti ya àpò keje, ojú ibi tó ya tó ilẹ̀kùn. Àṣẹ ti wá pé Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tún gbéra. Awọ kò sì sí ní ilé ìkẹ́rù. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó kó o wá ti há síbì kan láti ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gá pátápátá ní kí wọ́n fi aṣọ onírọ́bà lẹ̀ ẹ́.

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Aṣọ onírọ́bà a máa ta iná pàrà nígbà tó bá fara gbo nǹkan tàbí tó bá ya. Gáàsì inú àpò kì í sì í dúró de iná kejì.

"Awọ mélòó ló máa tó?" ni Ottilie béèrè.

"Ogójì, tí wọ́n bá mọ́ dáadáa," ni Apollonia wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ogún. Kò tilẹ̀ sí méjì."

Alẹ́ kò tíì lẹ́ nígbà tí Ottilie dé ilé. Ìyá rẹ̀ ní kó bá òun bu kábééjì oníyọ̀ wá láti inú yàrá ìsàlẹ̀. Àgbá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, ìka rẹ̀ sì ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó mọ̀. Kì í ṣe kábééjì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò, gbogbo wọn jẹ́ ogójì géérégé. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, torí lójú ẹsẹ̀ ló mọ ohun tí bàbá rẹ̀ kó wọn pamọ́ fún.

Ó gbé ọ̀kan lọ́wọ́, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá, kí lèyí?"

Severin wo ìfun náà, ó wo ilẹ̀kùn. "Kábééjì," ló wí.

"Bàbá."

"Kábééjì tó gùn díẹ̀ ni." Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọdún kan ni mo fi kó wọn jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wọ̀n ni tí wọ́n bá mú mi. Ìwọ rò pé mo kàn yí ọkàn padà? Sọ́séèjì ìgbéyàwó rẹ nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ, wọn ò sì ní sọ pé ọmọ Severin lọ sílé ọkọ bí ọmọ tí kò ní bàbá."

"Ẹ kó wọn fún mi."

"Fún kí ni?"

"Àpò keje ti ya. Kò sí awọ. Rọ́bà ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn."

"Ó wá kàn mí? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n ti jẹ lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń fò lókè ọ̀hún kì í yó? Tí mo bá kó o fún ọ, kò sí sọ́séèjì. O sì mọ ohun tí mo wí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní sí ìgbéyàwó." Ottilie kò fi ìfun náà sílẹ̀. "Mo fara mọ́ ọn. Korbinian ló ń jókòó lábẹ́ àpò keje, Bàbá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n má fẹ́ ẹ, kí ó sì wà láàyè, ju kí n jẹ sọ́séèjì pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó jóná lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

Severin nu pátákó rẹ̀, ó tún un nù, ó nu ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ìsàlẹ̀, Ottilie sì gbọ́ tí àgbá ń yí lórí àtẹ̀gùn.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ti àgbá náà lórí ọmọlanke dé ilé iṣẹ́. Apollonia yọ ìfun kan, ó nà án, ó mi orí.

"Ó ti pẹ́ jù nínú iyọ̀, Bàbá Ottilie. Ó ti le. Ibi tó bá ti sán, ojú kò ní rí i. Níbo lẹ tilẹ̀ ti rí wọn?"

"Lára màlúù," ni Severin wí. "Kò sì sí ẹni tó kọ ìfun mi rí láti ogójì ọdún. Ẹ rẹ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ máa pààrọ̀ omi náà, wọn á rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ètè nìkan kò lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ọjọ́ tó pé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, kí lẹ máa fi yẹ̀ ẹ́ wò? Irunmú yẹn?"

Ọgọ́rin obìnrin rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Severin yí padà, ó jáde lọ. Ottilie rò pé ó ti bínú lọ sílé. Nígbà tó di bí wákàtí kan, ọkùnrin àjèjì kan wọlé, ojú rẹ̀ kékeré, abẹ́ imú rẹ̀ funfun bí ara ọmọ tuntun. Ìgbà tó bọ́ ẹ̀wù, tó ká apá sókè, ni wọ́n mọ ẹni tó jẹ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Apollonia kí ó yẹ èékánná òun wò.

"Ẹ dákẹ́ orin," ló wí. "Mo fẹ́ gbọ́ràn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá àti ọmọ fi jókòó sójú kan náà, wọ́n ń fa ìfun kọjá létè, àwọn yòókù ń dí ihò tí wọ́n bá rí, wọ́n sì ń lẹ awọ náà mọ́ àpò. Severin rí ihò tí Ottilie kò rí, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ gidigidi. Ottilie rí méjì tí bàbá kò rí, ó dá a padà. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin padà, alápatà náà sì ń gbè é ní ohùn ìsàlẹ̀, òun nìkan láàárín ọgọ́rin obìnrin. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fẹ́ àpò keje. Severin bọ́ bàtà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, ó wọ inú rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó jáde. Ó ní kò sí ibi tó ń mí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ottilie bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ìbátan pé kí wọ́n má wá mọ́. Bàbá rẹ̀ gba kálámù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀.

Ìgbéyàwó náà wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n rí i pé Severin ti tẹ́ tábìlì gígùn sí àgbàlá. Ó gbé àwo ńlá tí wọ́n fi ń gbé sọ́séèjì ìgbéyàwó jáde, aṣọ funfun lórí rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì na ọrùn. Ó ṣí i. Pòtétò àti kábééjì ni. Àwọn àlejò wo ara wọn, torí gbogbo wọn ló mọ ohun tó ti wí.

Ó gbé ife bíà sókè. Irunmú kò sí níbẹ̀ tó lè bo bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

"Sọ́séèjì ìgbéyàwó yín wà lókè," ló wí, ó nawọ́ sí ìhà ibi tí ọkọ̀ náà wà. "Ogójì. Ẹni tí ebi bá ń pa, kí ó lọ wò ó. Korbinian, o máa ń sọ awọ sọ́séèjì nù. Èyí, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù. Gbé gbogbo rẹ̀ padà wálé fún mi."

Wọ́n fi ọ̀pá kábééjì kan ṣe àṣà náà, imú wọn kan ara wọn kíákíá torí kábééjì kò gùn, wọ́n sì jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ náà gbéra.

Ìparí oṣù Karùn-ún ló padà wá, torí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Severin wà lára àwọn tó lọ fa okùn nínú pápá láti mú un balẹ̀. Ọkọ̀ náà wúwo, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Ottilie ti rí Korbinian lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ti ń sunkún, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Severin kọjá lára rẹ̀, ó lọ dúró síwájú ọmọkùnrin náà.

"Ìkeje ńkọ́?"

"Wọ́n yìnbọn lu ìkẹta àti ìkẹsàn-án," ni Korbinian wí. Ojú rẹ̀ dúdú fún òróró ẹ́ńjìnnì. "Gbogbo gáàsì inú wọn ló tán lójú òkun. Ìkeje kò jò rárá, Bàbá. Òun ló gbé wa délé."

Severin mi orí sókè sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó na ọwọ́, ó gba àpò irinṣẹ́ tó wúwo kúrò léjìká ọkọ ọmọ rẹ̀, ó gbé e sí tirẹ̀, ó sì ṣáájú wọn. Ọ̀nà ilé jìn díẹ̀ láti pápá, àwọn ṣọ́jà méjì ní kí ó jẹ́ kí àwọn bá a gbé e, kò gbà.